Ibi Tí Wọn Ò Jẹ́ Ká So Ọkọ̀ Mọ́

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ kí n tó bínú, torí bí mo bá fi ìbínú ṣáájú, ẹ ò ní rántí mọ́ pé ẹ̀rí ni mo wá jẹ́. Ọlọ́run, ẹ ṣeun o. Ẹ̀yin bàbá wa níwájú pẹpẹ, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin akọrin, mo kí gbogbo yín. Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Sístà Fúnkẹ́ tó ń rán sùtánà ní Ìgàndó, èmi tí ẹ ti ń bá gbààwẹ̀ ọmọ láti ọdún mélòó kan wá. Ikùn tí ẹ ń wò yìí ti pé oṣù méje. Ikùn yìí ni wọ́n fẹ́ kí omi gbé lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ọkọ mi, Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé, tó jókòó síbẹ̀ yẹn tó ń wolẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ló ń wà fún olówó kan. Kì í ṣe bóòtù akérò o. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ ni, tó ní yàrá, tó ní bẹ́ẹ̀dì, tó ní ibi ìdáná. Ní Fúráìdé, ẹni tó máa ń se oúnjẹ fún wọn ò wá, ọ̀gá sì ní àlejò. Ọkọ mi bẹ̀ mí pé kí n wá bá wọn se ọbẹ̀ ẹja. Mo gbà. Mo ká sùtánà mi sínú báàgì, mo mú àbẹ́là sí i, torí mo rò pé tí a bá ti dé, ìṣọ́ òru ni mo máa bá lọ tààrà.

A gbé wọn lọ sí etíkun kan lápá Bàdágírì. Nígbà tí oòrùn ń rẹlẹ̀, ọkọ mi ní kí ọ̀gá jẹ́ ká máa lọ, pé ìjọba ò fẹ́ kí ọkọ̀ rìn lórí omi tílẹ̀ bá ti ṣú. Ọ̀gá ní àwọn àlejò òun ò tíì gbádùn tán. Wọ́n ń mu ọtí, wọ́n ń ya fọ́tò. Ìgbà tí wọ́n máa fi gbádùn tán, òjò ti ṣú dẹ̀dẹ̀, ibi tí ọkọ̀ náà máa ń sùn sì ṣì jìnnà. Ó wá di dandan ká wá ibòmíì tí a máa so ó mọ́ di àárọ̀.

Ọ̀gá ní òun ní ọ̀rẹ́ kan tó kọ́lé sétí ọ̀sà, tó ní ibùdókọ̀ tirẹ̀. A dé ibẹ̀. Ọ̀gá bọ́ sílẹ̀, àwọn àlejò bọ́ sílẹ̀, mọ́tò ti ń dúró dè wọ́n. Bí èmi náà ṣe gbé ẹsẹ̀ kí n bọ́ sílẹ̀, ṣìkiọ́rítì na ọwọ́ dí mi lọ́nà.

"Màdámù, òṣìṣẹ́ kì í gba ibí kọjá."

Mo ní, "Ṣé kí n wá fò ni?"

Ó ní ọkọ̀ gan-an ò lè sùn síbẹ̀, pé ọkọ̀ onílé ń bọ̀ wá gba àyè náà. Mo wo ọ̀gá. Ó ti wọ mọ́tò. Ó yọrí lójú fèrèsé, ó ní, "Káyọ̀dé, ẹ wá ibi tó dáa, kẹ́ ẹ tọ́jú ọkọ̀ mi o." Ọkọ̀ òun. Ọbẹ̀ mi ṣì wà nínú ikùn rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ yẹn, kò sì rántí pé ènìyàn ló sè é. Ọkọ mi wá ní, "Yẹ́s sà." Yẹ́s sà yẹn, mo máa bá a sọ ọ́ títí tí mo fi máa bímọ, jàre.

A yà sí ibùdókọ̀ akérò kan, wọ́n ti fi ṣéènì ti géètì. Ọkùnrin tó wà nínú ibẹ̀ ní àwọn ti ṣíwọ́. Ó ń jẹ bọ́rẹ́dì, kò dìde. Ọkọ mi wá ní ká fara pamọ́ fún atẹ́gùn lẹ́yìn àwọn igi etí omi. Ó ju ìdákọ̀ró sómi, kò mú ilẹ̀. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ewéko orí omi wé mọ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì kú, iná náà kú. Òjò dé. Atẹ́gùn wá ń tì wá díẹ̀díẹ̀ lọ sójú ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń gbà, bẹ́ẹ̀ èmi ò mọ omi í wẹ̀.

Aṣọ ọrùn mi ti rẹ gbingbin. Sùtánà inú báàgì nìkan ló gbẹ. Mo wọ̀ ọ́. Ẹ sì mọ̀ pé a kì í wọ bàtà sí i, mo bọ́ bàtà. Mo tan àbẹ́là lábẹ́ òrùlé iwájú ọkọ̀, mo kúnlẹ̀, mo ń ké pe Olúwa.

Bí mo ṣe lajú, mo rí àwọn apẹja nínú ọkọ̀ kékeré, wọ́n ń tukọ̀ relé. Mo dìde, mo gbé àbẹ́là sókè, mo ń juwọ́ sí wọn. Ẹ̀yin ará, ńṣe ni wọ́n yíjú ọkọ̀ padà. Wọ́n ń sá. Ọ̀kan nínú wọn ń pariwo pé Màmíwọ́tà ni. Ẹ wò ó ná: obìnrin aláṣọ funfun, láìwọ bàtà, iná lọ́wọ́, nínú òjò, lórí omi. Ká ní èmi ni wọ́n, èmi náà á sá.

Àmọ́ mi ò ro ìyẹn nígbà yẹn. Gbogbo ohun tí mo ti gbé mì láti ibùdókọ̀ olówó yẹn ló bú jáde.

"Ẹ padà síbí! Ta ni Màmíwọ́tà? Ṣé ẹsẹ̀ Màmíwọ́tà máa ń wú báyìí? Ará Ìgàndó ni mí, èéfín ààtàn ni mò ń fà símú lójoojúmọ́! Olówó ti lé mi, ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ lé mi ni? Ẹ délé, kẹ́ ẹ sọ fún ìyá tó bí yín pé ẹ rí aboyún lórí omi, ẹ sì sá!"

Bàbá àgbàlagbà kan nínú wọn gbé àjẹ̀ tó fi ń tukọ̀ dúró. Mo gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ẹ dúró. Iwin kì í jà báyìí. Ìyàwó ènìyàn lèyí."

Wọ́n fi okùn fà wá dé abúlé wọn, wọ́n so ọkọ̀ mọ́ òpó ilé bàbá náà. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi gbígbóná fún mi, ó fún mi ní ìró. Mo fẹ́ sọ orúkọ wa, ó ní kí n sinmi, pé lọ́dọ̀ wọn, a kì í bi ẹni tó ti orí omi dé ní orúkọ àfi tó bá sùn tó jí. Orí ẹní ni mo wà tí mo gbọ́ ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan tó ń kọjá níbi tí atẹ́gùn ń tì wá lọ. Gbogbo ilé mì. Ọmọ inú mi sọ, mo fọwọ́ lé e, mo sunkún.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọ̀gá pe ọkọ mi lórí fóònù. Ohun tó kọ́kọ́ bi í ni pé ṣé ọ̀dà ọkọ̀ ò bó. Ọkọ mi wò mí. Kò sọ yẹ́s sà. Ó ní, "Ìyàwó mi wà láàyè, sà," ó sì pa fóònù.

Kí n tó dìde síbí, ẹnìkan nínú yín fà mí láṣọ, ó ní kí n dárí ji àwọn tó lé wa, kí n rọra sọ ọ́. Ìdáríjì, mo ṣì ń gbàdúrà sí i. Ṣùgbọ́n ká ní mo rọra sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, àwọn apẹja yẹn ìbá ti lọ, òkú mi àti ọmọ mi lẹ ìbá máa wá. Ọlọ́run ló fún mi lóhùn, òun ló sì fi ohùn náà pè wọ́n padà. Tirẹ̀ ni ògo. Ẹ dìde, ẹ bá mi jó, ẹ bá mi yọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé kí n rẹ ohùn sílẹ̀.