Ohun Tí Mo Fi Sílẹ̀ Nínú Ẹ̀rọ Ìyá Haram

Mo mọ ohun tó ń ṣe kọ̀ǹpútà Ìyá Haram láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé e wá, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí obìnrin náà lè máa padà wá sọ́dọ̀ mi. Òun nìyẹn. Mò ń kọ ìyókù rẹ̀ báyìí nítorí pé dókítà ti sọ bí ẹ̀dọ̀ mi ṣe rí fún mi. Kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, èmi náà ò ní fi falẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ọjà Yongsan nílùú Seoul, tí ẹ ń pè mí ní olùkọ́, ẹ̀yin ni mò ń kọ ọ́ sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín béèrè lójú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì tí a ti ń bára wa sọ̀rọ̀ pé oníbàárà òun ra káàdì àwòrán tuntun, èyí tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, géèmù rẹ̀ wá ń kólòlò, kí ni kí òun ṣe? Gbogbo yín ní kó dúró de èmi, pé Pyo Malsun ló mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni, mo mọ̀ ọ́n. Ìmọ̀ yẹn gan-an ni mo fi ṣe ìkà.

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Ọkọ mi ló ni ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó kú, mo jókòó ti àwọn ẹ̀rọ tó fi sílẹ̀ láìtúnṣe, mò ń tú wọn, mò ń tò wọ́n padà, títí mo fi mọ̀ wọ́n. Mi ò bímọ. Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, àjà tí mo wà ti ń dá páropáro. Àwọn èèyàn ti ń ra nǹkan wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ṣọ́ọ̀bù tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi ti tì, èyí tó wà lọ́wọ́ òsì ti di ibi tí wọ́n ń kó páálí sí. Ó ku èmi àti Guk Sangdok tó ń tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe ní iwájú mi. Mo lè wà níbẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí n má gbọ́ nǹkan kan ju ìró fáànù kéékèèké inú ẹ̀rọ lọ. Mi ò sọ èyí kí ẹ lè káàánú mi. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló dá wà tí wọn ò ṣe ohun tí mo ṣe.

Ọ̀sán Ọjọ́rú kan ni obìnrin kan fa kẹ̀kẹ́ ẹrù wọlé. Ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì ọmọdé aláwọ̀ yẹ́lò wé kọ̀ǹpútà rẹ̀ bí ẹni tó ń gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́. Tak Miryong lorúkọ rẹ̀, ó ń se oúnjẹ ní ilé ìdáná ilé ìwé. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ gbà mí. Káàdì tuntun ni mo rà, ọmọ ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló bá mi fi sí i. Tẹ́lẹ̀ àwòrán ò dára, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Ní báyìí ó mọ́ bí omi, ṣùgbọ́n á lọ geere, á dúró gbagidi, á tún fò síwájú." Mo wo ewú tó wà lórí rẹ̀, mo ní, "Ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń gbá géèmù?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ọmọ mi ló kọ́ mi." Ó wá sọ fún mi. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti kọ ara wọn sílẹ̀, bàbá ti kó Haram, ọmọ wọn kan ṣoṣo, lọ sí Kánádà. "Tí mo bá pè é lórí fóònù, 'bẹ́ẹ̀ ni' àti 'rárá' lọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá wọ inú géèmù ní àárọ̀ Sátidé, ẹnu rẹ̀ ò ní dákẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé eyín rẹ̀ ń ro ó. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ó ti ní ọ̀rẹ́." Nínú géèmù yìí, Haram ló ń di idà mú níwájú, ìyá rẹ̀ ló ń dúró lẹ́yìn tó ń wo ọgbẹ́ rẹ̀ sàn. Tí ọwọ́ ìyá bá pẹ́ díẹ̀, ọmọ á kú.

Mo tan ẹ̀rọ náà. Kí omi tíì tí mo gbé kaná tó hó, mo ti rí i. Ètò tó ń darí káàdì àtijọ́ ṣì wà nínú ẹ̀rọ, wọ́n gbé ti tuntun lé e lórí, àwọn méjèèjì wá ń du iṣẹ́ kan náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Kí èèyàn pa ti àtijọ́ rẹ́ pátápátá, kó fi ti tuntun sí i lákọ̀tun, ó parí. Ìdáhùn ìbéèrè yín nìyẹn, ẹ lọ fún oníbàárà yín. Ọwọ́ mi ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ni obìnrin náà bá ṣí abọ́ oníke kan, ọ̀dùnkún sísè tó ṣì ń yọ èéfín ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú kimchi, ẹ̀fọ́ kíkan aláta wa. Ó ní, "Ṣé ẹ ti jẹun?" Ẹ mọ̀ pé bí a ṣe ń kí ara wa nìyẹn, kò sẹ́ni tó ń retí ìdáhùn. Ṣùgbọ́n ó ń wo ojú mi, ó ń retí rẹ̀. Mo ní rárá. Ó bó ọ̀dùnkún kan, ó fún mi. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé, "Mo ti ṣe díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ lọ dán an wò ní Sátidé, kí ẹ tún gbé e wá ní Ọjọ́rú." Eruku nìkan ni mo fẹ́ kúrò lára rẹ̀. Mi ò gba owó wọ́ọ̀nù kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń tẹrí ba fún mi títí tó fi dé ẹnu àtẹ̀gùn. Olè ni mí, wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń wá. Ní Ọjọ́rú kejì, kò pè mí ní ọ̀gá mọ́, ẹ̀gbọ́n ló pè mí. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ìyá Haram. Mo ní iná tó ń wọ inú ẹ̀rọ ni kò tó, mo yọ àpótí iná tó wà níbẹ̀, mo fi tuntun tèmi sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́: mo lè fún un ní ohun tó wọ́n, mi ò lè fún un ní ohun tó wá gbà. Ó ń jókòó sórí àga ọkọ mi. Ó ń ròyìn àwọn tí wọ́n jọ ń dáná, ó ń sín wọn jẹ, ó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti ń wo ọ̀nà rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó tún ṣe é ní Sátidé o. Haram ní, 'Màmá, mo tún ti kú! Ṣé ẹ ti sùn ni?' Mo ní mi ò sùn, ẹ̀rọ ni. Ó rẹ́rìn-ín." Ọ̀sẹ̀ mìíràn, ó ní, "Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbọ́ wa. Ọ̀kan ní kó lọ wá olùwòsàn tí kì í ṣe ìyá àgbà." Kò rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Mo gbọ́ ọ. Mo bu kimchi sí i.

Guk kò jẹ́ kí n gbádùn. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á ní, "Malsun, ṣé ẹ̀rọ akólòlò yẹn ò tíì sọ̀rọ̀ tán ni? Àbí o ti gbà á tọ́?" Mo ní, "Lọ bá àwọn ìwé rẹ tó há sẹ́nu ẹ̀rọ." Ìyá Haram á fún òun náà ní ọ̀dùnkún, Guk á sì pa ẹnu mọ́. Ní Ọjọ́rú kan, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ ra oúnjẹ nudù. Kí n tó dé, Guk ti jókòó nídìí ẹ̀rọ náà. Ìyá Haram fò dìde, ó dì mọ́ mi. "Ẹ̀gbọ́n, Ọ̀gá Guk ti rí i! Ètò àtijọ́ ni, ó ti yọ ọ́. Ẹ wò ó, ó ń lọ bí òróró!" Òótọ́ ni, ó ń lọ. Guk ní, "Èmi tí mò ń tún ìtẹ̀wé ṣe nìyí o, olùkọ́." Mo rẹ́rìn-ín. Ìyà tó jẹ mí lọ́jọ́ náà, mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́, ẹ̀rù ló bà mí bíi ti ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń di ẹrù. Mo ní, "Jẹ́ kí n fẹ́ eruku ibẹ̀ kí o tó gbé e lọ." Mo kọ ẹ̀yìn sí wọn, mo ṣí i, mo yọ káàdì kúrò ní ihò òkè tó yẹ kó wà, mo kì í bọ ihò ìsàlẹ̀ tí ọ̀nà rẹ̀ há, kó lè tún máa kólòlò. Mo dé e padà. Èmi fúnra mi ni mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì yẹ́lò yẹn wé e.

Ẹ rò pé ibẹ̀ ló burú dé. Rárá. Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ó wọlé, ojú rẹ̀ ti wú. "Ẹ̀gbọ́n, ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Haram ti forúkọ àwa méjèèjì sílẹ̀ fún ìdíje òbí àtọmọ, Sátidé yìí ni. Ó ní tó bá tún rí bẹ́ẹ̀, òun ò ní bá mi gbá a mọ́. Mo rò pé kí n gbé e lọ síbi ńlá tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ ṣe níwájú ibùdó ọkọ̀ ojú irin." Mo mọ̀ pé bí ẹlòmíì bá ṣí ẹ̀rọ yẹn, á rí káàdì nísàlẹ̀, á sì béèrè ẹni tó gbé e síbẹ̀. Èmi ni mo tún gbọ́ tí mò ń sọ̀rọ̀. "Má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú. Tìrẹ ti parí. Guk náà rí i pé ó ń lọ. Ọ̀dọ̀ Haram ni wàhálà náà ti ń wá, ẹ̀rọ tiẹ̀ ni kò lè gbé e. Sọ fún un." Ó tẹjú mọ́ mi. "Ṣé lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n?" Mo ní, "Ṣé mo ti tàn ọ́ rí?" Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, ó ṣe mí bíi kí n ṣí ẹ̀rọ náà kí n dá káàdì padà sókè. Ṣùgbọ́n mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é ni, òun àti Guk sì ń wò mí. Kí ni màá sọ pé mò ń ṣe? Mo jẹ́ kó gbé e lọ.

Ó padà wá ní Ọjọ́rú láìgbé kọ̀ǹpútà wá. Ó jókòó. Ó ní nínú ìdíje náà, ìgbà tí àwọn ẹranko ńlá inú géèmù dé, àwòrán dúró, nígbà tó fi máa fò, Haram ti wà nílẹ̀, gbogbo àwọn òbí àtọmọ yòókù sì ń wò wọ́n. "Mo wá sọ fún un bí ẹ ṣe ní kí n sọ. Mo ní, 'Haram, ẹ̀gbọ́n tó ń tún un ṣe sọ pé ọ̀dọ̀ rẹ ló ti ń wá.' Mo tiẹ̀ rò pé íńtánẹ́ẹ̀tì ti já. Ó wá ní, 'Bàbá sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń ṣe. Gbogbo ìgbà lẹ̀bi máa ń jẹ́ ti ẹlòmíì.' Ó bá jáde nínú géèmù." Mo gbọ́ èyí, ọ̀dùnkún wà lẹ́nu mi, mo sì gbé e mì.

Mo ní kó gbé ẹ̀rọ náà wá, mo dá káàdì padà síbi tó yẹ. Ó ń lọ geere. Sátidé lẹ́yìn Sátidé ló ń tan án, ó ń dúró lẹ́nu ibodè inú géèmù tí òun àti Haram ti máa ń pàdé, àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń sáré kọjá lára rẹ̀. Haram kò wọlé mọ́. Ìyá rẹ̀ sì ń wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú oúnjẹ, nítorí pé kò ní ibòmíì tó máa lọ. Mo ti rí ohun tí mo fẹ́ gbà. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Ìgbà tí dókítà sọ tèmi fún mi ni mo sọ tirẹ̀ fún un, gbogbo rẹ̀, títí kan ihò ìsàlẹ̀. Mo rò pé á pariwo. Mo fẹ́ kó pariwo. Ó kàn ń tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì náà lórí itan rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Kí ló dé tí ẹ ò kàn ní kí n máa wá? Ǹ bá máa wá." Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó lọ. Guk, tó ń gbọ́ láti iwájú, wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Mo rò pé ó fẹ́ dá mi lẹ́bi, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Mo rí ọwọ́ rẹ lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí o kọ ẹ̀yìn sí wa. Mo mọ ohun tí o ṣe. Mo dákẹ́ nítorí pé bí obìnrin yẹn ò bá wá mọ́, èmi náà á padà sí dídá jẹun."

Haram, bí ẹnikẹ́ni bá mú èyí dé ọ̀dọ̀ rẹ: ìyá rẹ kò purọ́ fún ọ. Èmi ni mo purọ́ fún un, ó sì gbà mí gbọ́. Mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí orúkọ tí o ń lò nínú géèmù, mi ò mọ̀ bóyá o ṣì ń ṣí i. Mi ò ní kí o dárí jì mí torí pé mo fẹ́ kú. Òun ni kí o dárí jì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ṣẹ̀ ọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ tún ẹ̀rọ èèyàn ṣe kó máa gbé e lọ. Bó bá ń wù yín kó jókòó, ẹ sọ fún un pé kó jókòó. Ó lè kọ̀. Ẹ jẹ́ kó kọ̀.

Ní ìgbà ìrúwé tó kọjá, Guk bá Ìyá Haram pàdé nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Obìnrin náà sọ fún un pé Haram wá sí Seoul níbi ayẹyẹ ọjọ́ ìbí ìyá bàbá rẹ̀, ó lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ó sì padà láìpe ìyá rẹ̀. Àwòrán tí ẹ̀gbọ́n obìnrin ọkọ rẹ̀ àtijọ́ gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló fi mọ̀. Ó ń fi han Guk lórí fóònù, ó ń na ìka sí i, ó ń sọ pé, "Ẹ wò ó, ó ti ga ju bàbá rẹ̀ lọ."