Ta Ló Ní Kí Wọ́n Pa Iná?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbọ́wọ́ lé mi lórí. Ẹ ní kí n di alàgbà ìjọ wa ní Ìkẹ́nnẹ́ lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí kò jẹ́ kí n sùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tó pẹ́ jù.

Ẹ rántí Lásúnkànmí, ọmọ ìlú Akaka tó ń bá wa tan jẹnẹrétọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1997, wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́ pé ó paná mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan, Wúràọlá, lórí, iṣẹ́ ìwé oyè ọmọ náà sì ṣòfò. Irọ́ ni. Èmi Akínṣọlá tí mo ń bójú tó yàrá kọ̀ǹpútà ni mo ṣe é.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, oòrùn ń wọ̀. Mo ti ń gbọ́ orin láti ṣọ́ọ̀ṣì, n ò sì fẹ́ kí Sábáàtì wa, tó ń bẹ̀rẹ̀ bí oòrùn bá ti wọ̀, bá mi lẹ́nu iṣẹ́ rárá. Wúràọlá ti ń tẹ̀wé láti àárọ̀. Bó ṣe ní kí ẹ̀rọ gbé e jáde sórí bébà, ojú kọ̀ǹpútà dì gbagidi. Ọfà máòsì ń rìn, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó dáhùn. Linux ni ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà wa, mo sì mọ ohun tó yẹ kí n ṣe: kí n bọ́ sí ojú ewé mìíràn, kí n wá iṣẹ́ kan ṣoṣo tó há nínú ẹ̀rọ náà, kí n dá òun nìkan dúró. Ìyókù á wà bó ṣe wà.

Wúràọlá ní, "Bùrọ̀dá Akin, ẹ rọra o. Mi ò tíì fi ohun tí mo tẹ̀ pamọ́. Ẹ jẹ́ kí n sáré lọ gba dísíìkì tí màá fi í sí lọ́wọ́ Olúkẹ́mi ọ̀rẹ́ mi."

Mo ń wá iṣẹ́ tó há náà, n ò tètè rí i. Mo wo fèrèsé, ojú ọ̀run ti pọ́n. Mo bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ. Ẹ wo ẹni tó ń kánjú lọ yin Ọlọ́run! Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Wúràọlá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń padà bọ̀. Ibi tó burú jù nìyí: kí ó lè dà bíi pé iná tó lọ ló fà á, mo yọrí síta lójú fèrèsé, mo kígbe pé, "Lásúnkànmí, pa jẹnẹrétọ̀! Sábáàtì ti dé!"

Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé àwọn tó ń tẹ̀wé ti ṣe tán?"

Mo ní wọ́n ti ṣe tán. Ó pa á.

Wúràọlá wọlé, ó bá yàrá tó ṣú, ó bú sẹ́kún. "Ta ló ní kí wọ́n pa iná?" Níwájú ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́, Lásúnkànmí ní èmi ni. Mo ní n ò rán an níṣẹ́. Ẹnì kan ní, "Ọmọ ìjọ ni Akínṣọlá, kò lè purọ́. Àwọn ti Lásúnkànmí ṣì ń bọ òrìṣà nílé." Mo gbọ́, mo tẹ́rí ba, mo jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn gbà mí. Torí kí n má ba Sábáàtì jẹ́, mo ba ayé ẹlòmíràn jẹ́.

Lánàá mo lọ bá a ní Akaka, mo jẹ́wọ́. Ó ní, "Ọ̀gá, èmi kúkú mọ̀. Bàbá mi ni kò mọ̀. Títí wọ́n fi kú, wọn ò gbà mí gbọ́."

Ó wà níta báyìí, lórí ọ̀kadà rẹ̀. Ó kọ̀, kò wọlé. Ẹ má tíì dárí jì mí, ẹ̀yin ará. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ jáde lọ bẹ̀.