Lẹ́tà Àwàdà Tí Mo Kọ sí Ọ̀rẹ́ Mi Ará Íńdíà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Láti ọjọ́ Ajé tó kọjá ni oúnjẹ ò ti lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ wà, eyín mi sì pé dé ìwọ̀n tó yẹ kó pé fún ọkùnrin tó dàgbà tó mi. Mo ti fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ méjì ni mo ti fẹ̀yìn tì. Èkíní ni iṣẹ́ yíya àwòrán páìpù epo, tí mo ṣe fún ọgbọ̀n ọdún ní Houston níbí, wọ́n sì fún mi ní aago ògiri nígbà tí mò ń lọ. Èkejì ni iṣẹ́ àwàdà. Ìyẹn, kò sẹ́ni tó gbà mí síṣẹ́, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè dá mi dúró. Èmi fúnra mi ni mo dá ara mi dúró, ó sì ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó mi ò fi mọ̀ pé mo ṣe é rí. Ó rò pé bí wọ́n ṣe bí mi nìyí. Ohun tó gba àwàdà lẹ́nu mi ni mo fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ fún yín, nítorí pé ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ yìí, yóò wọ ilé mi wá, yóò sì jókòó.

Àwọn ọdún 1980 ni. Iṣẹ́ epo ti dẹnu kọlẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ń lé òṣìṣẹ́, àwọn onífúláàtì ní àdúgbò Sharpstown sì ń bẹ akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa pé ká jọ̀wọ́ wá gbélé àwọn. Mo lẹ ìwé mọ́ ògiri ní yunifásítì pé mò ń wá ẹni tí a ó jọ máa gbé. Ẹni kan ṣoṣo ló dáhùn. Ọmọ Íńdíà ni, ó tín-ínrín, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì alápá gígùn nínú ooru Houston, Súréèṣì lorúkọ rẹ̀. Ìbéèrè kan péré ló bi mí: ṣé mò ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà? Mo ní nílé ìyá àgbà tó tọ́ mi, ẹni tó bá wọ bàtà wọlé, ìta ni yóò ti jẹun. Nígbà tó fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ìkòkò wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó gbé ìkòkò sílẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó fi ọ̀tún gbà á. Ní orílẹ̀-èdè tí àwọn olùkọ́ ti ń fi ọwọ́ òsì na ìwé ìdánwò sí mi, mo mọ̀ pé mo ti rí ẹbí. Bhai ló ń pè mí, ìyẹn bọ̀dá lédè wọn, nítorí mo fi ọdún méjì jù ú lọ. Òun ní ń se oúnjẹ, ìrẹsì àti ẹ̀wà wẹ́wẹ́ tó pupa, pẹ̀lú kọ́rì àti àlùbọ́sà tó dín títí ó fi ń kọrin. Èmi ní ń fọ abọ́, mo sì ń jẹ ju ẹni tó sè é lọ.

Mo mú un lọ sí ìjọ wa lọ́jọ́ Ìsinmi kan. Gbọ̀ngàn tí a háyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfọṣọ ni, tí ariwo ẹ̀rọ ìfọṣọ ń gbè orin lẹ́yìn wa. Bí Ìyá Ìjọ ti jáde, obìnrin tó dàgbà jù láàárín wa, Súréèṣì bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ìyá náà, ó sì fi ọwọ́ ọ̀hún kan orí ara rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nílé wọn. Àwa ọmọ Yorùbá tí a ti ń mi orí sí ìyá yìí láti ìgbà tí a ti dé Amẹ́ríkà, ilẹ̀ la wò. Ìyá ní, “Ẹ bá mi bi í níbi tó tọ́jú ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sí nígbà tó ń wọ bàálù. Ó dà bíi pé tiyín já bọ́ sínú òkun.”

Ohun tí Súréèṣì fẹ́ràn jù láyé ni kó jókòó síbì kan kó máa wo ènìyàn. Ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí ìyẹn, wọ́n fún un ní igun kékeré kan tí yóò máa kọ èrò rẹ̀ sí ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. “Ojú Àlejò” ló pè é. Ó kọ ọ́ pé lọ́jọ́ tí òun fẹsẹ̀ rìn lọ sí súpámákẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀ mẹ́ta dúró láti bi òun léèrè ibi tí ọkọ̀ òun ti kú sí. Ó kọ nípa ọmọbìnrin tó ń gbowó ọjà, tó bi í pé báwo ni, tí òun sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ikọ́ tó ń ṣe òun, kó tó hàn sí òun pé ọmọ náà ò retí èsì. Ó kọ nípa ọkùnrin tó ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n, tó ka ikú ènìyàn mẹ́jọ, tó rẹ́rìn-ín músẹ́, tó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ òjò. Ó bi wá pé àwọn wo gan-an ló ń rẹ́rìn-ín nínú eré orí tẹlifíṣọ̀n, tí a ò rí wọn, ṣé wọ́n ń gbowó ni àbí inú wọn dùn lóòótọ́. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń ṣe kàyéfì ni, bí ọmọ tó kọ́kọ́ rí yìnyín. Àwọn òyìnbó gan-an ń dá a dúró lọ́nà láti kí i. Olùkọ́ wa tó ní ká máa pe òun ní Ted, tí Súréèṣì ń pè ní Sà Ted, gé ọ̀kan nínú rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì.

Ó yẹ kí n sọ òtítọ́ níbí, kí n má baà tún máa ṣàwàdà. Mo jowú. Èmi ni aláwàdà. Láti kékeré ni mo ti lè sọ ohun tó ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, kí ojú tèmi sì rí bí ojú akọ̀wé kóòtù. Ṣùgbọ́n tèmi, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì gbàgbé rẹ̀ kí wọ́n tó délé. Kò sẹ́ni tó lẹ̀ mí mọ́ ilẹ̀kùn rí.

Lẹ́yìn ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, fúláàtì wa ni àwọn ọmọkùnrin wa máa ń kóra jọ sí láti fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yin náà mọ irú rẹ̀. Wọ́n á bú bàtà rẹ, wọ́n á bú orí rẹ, wọ́n á bú ọmọbìnrin tó kọ̀ ọ́, bí o bá sì lè rẹ́rìn-ín, o ti di tiwa nìyẹn. Ẹni tí a ò bá bú, àlejò ni. Súréèṣì á jókòó sí kọ̀rọ̀, á máa rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò yé e. Délé, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ wá láti Ìbàdàn, ló kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ó ní, “Bàbá, o ò tíì fọwọ́ kan ọmọ Íńdíà yìí rí o. Ṣé ò ń bẹ̀rù ọbẹ̀ ni?”

Mo ní, “Mò ń tọ́jú tirẹ̀ lọ́wọ́ ni.”

Ó ní, “Ọdún kan lo ti ń tọ́jú ẹ̀. Kò ní bàjẹ́?”

Bí mo ṣe jókòó sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní yàrá ìkàwé nìyẹn, mo kọ lẹ́tà sí olóòtú ìwé ìròyìn náà bí ẹni pé òyìnbó ni mí. Mo ní: Ọ̀gbẹ́ni Àlejò, bí ìwà wa kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, ojoojúmọ́ ni bàálù ń gbéra. Àwọn ènìyàn wa ò ríṣẹ́ ṣe, ìwọ jókòó, ò ń ka ẹ̀rín wa. Mo mọ ilé tí ò ń gbé. Mò ń rí aṣọ tutù tí ò ń sá sí bákónì, òórùn ọbẹ̀ rẹ sì ń dé ọ̀dọ̀ mi. Mo fi “Ọmọ Onílẹ̀” buwọ́ lù ú. Èdè òyìnbó rẹ̀ dán. Olóòtú ò yí ọ̀rọ̀ kan padà. Èrò mi ni pé lọ́jọ́bọ̀, a ó kà á sókè, Délé á ṣubú lulẹ̀, Súréèṣì á wo ojú mi, á sì yé e pé òyìnbó tó mọ aṣọ tó sá sí bákónì kò lè jìnnà sí orí ibùsùn tó kọjú sí tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà, yóò di tiwa.

Inú bọ́ọ̀sì ló ti kà á kó tó délé. Èmi àti Délé ti jókòó, a ń dúró dè é. Ó wọlé, ó bọ́ bàtà, ó tò wọ́n, ó tún wọn tò. Lẹ́yìn náà ló bi mí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, “Bhai, ṣé òórùn oúnjẹ mi ń yọ ìwọ náà lẹ́nu?” Délé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó wo Súréèṣì, ó wò mí, ó sì rántí pé òun ní ibi tí òun ń lọ. Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo la ẹnu. Ṣùgbọ́n ọmọ náà tún ti ń to bàtà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, mo sì rí i pé bí mo bá sọ pé èmi ni, kì í ṣe ẹ̀rín ni yóò tẹ̀lé e. Mo ní oúnjẹ rẹ̀ dára. Ojú mi ò sì yí padà. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe jù nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ó kọ èsì. Ó tọrọ àforíjì. Ó ní àlejò ni òun, òun ti sọ̀rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú ilé onílé, kí Ọmọ Onílẹ̀ má bínú, òun ò ní kọ mọ́. Ó gbé e wá fún mi kí n bá òun wò ó bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀. Mo bá a tún kọ́mà méjì ṣe. Ìrànlọ́wọ́ tí mo ṣe fún un nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, ó ká aṣọ kúrò ní bákónì. Ó fa kọ́tìnnì. Kọ́rì parí nílé wa; búrẹ́dì àti ẹ̀pà lílọ̀ là ń jẹ láàárọ̀ lálẹ́, èmi náà ń jẹ ẹ́, n ò sì lẹ́nu láti ráhùn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá Ọmọ Onílẹ̀ kiri láàárín àwọn aládùúgbò. Ó fura sí bàbá òyìnbó àgbàlagbà kan tó ń gbé nísàlẹ̀, tó jẹ́ pé Súréèṣì fúnra rẹ̀ ló máa ń bá a gbé ẹrù ọjà wọlé. Kò gbé e mọ́. Kò kí i mọ́. Bàbá náà dá mi dúró lẹ́bàá àpótí lẹ́tà, ó ní, “Kí ni mo ṣe fún ọ̀rẹ́ rẹ?” Mo ní ìdánwò ló dé. Ó ní ṣé ìdánwò ló ní kó máa gba ẹ̀yìn ilé kọjá. Mo kó lẹ́tà mi, mo wọlé.

Mo lọ bá Ìyá Ìjọ, mo dọ̀bálẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní, “Ẹni tí a bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣé kì í rí ojú ẹni tó ń bú u ni? Ojú ta ni ọmọ yẹn rí?”

Mo ní, “Kò rí ojú ẹnikẹ́ni, mà.”

Wọ́n ní, “Gbogbo ojú tó wà ní Houston ló rí. Lọ sọ fún un lónìí.”

Mo ní mo gbọ́, mà. N ò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ìyá bi mí lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo ní ó ṣì ku díẹ̀, àwọn náà ò sì bi mí mọ́. Wíwò ni wọ́n ń wò mí. Nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ parí, Súréèṣì ríṣẹ́ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, níbi tí òtútù wà. Mo bá a gbé àpótí rẹ̀ dé ibùdókọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi, èmi tí mo fi ọdún méjì péré jù ú lọ. Ó ní èmi nìkan ni ẹni tó ṣe òun bí ẹbí ní ìlú yìí. Ọkọ̀ gbéra. Láti ọjọ́ náà ni n ò ti ṣàwàdà mọ́, mo sì kó kúrò ní Sharpstown.

Ní báyìí, ilé wa wà ní Spring, lẹ́yìn odi Houston, ó dákẹ́ dáadáa. Ọjọ́ Ajé tó kọjá, fóònù dún. Súréèṣì ni. Ó ti di bàbá àgbà, ohùn rẹ̀ ti wúwo. A sọ̀rọ̀ títí, a rántí ìrẹsì, a rántí Sà Ted, ó sì ń dùn mọ́ mi, àfi bó ṣe ní ọmọ òun obìnrin ti di òǹkọ̀wé. Ó ní òun bá a jà gan-an lórí rẹ̀, pé òun sọ fún gbogbo àwọn ọmọ òun pé kí wọ́n ṣọ́ ẹnu wọn nílẹ̀ yìí, nítorí ẹnìkan wà tó ń wò wọ́n. Ọmọ náà ní ta ni? Ó sọ ìtàn Ọmọ Onílẹ̀ fún un. Ọmọ wá ní òun fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé, òun fẹ́ wá bi bọ̀dá bàbá òun tó wà níbẹ̀, bóyá ó rántí nǹkan kan. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ń bọ̀, àwọn méjèèjì.

Mo bi í pé, “Ọkùnrin tó kọ ọ́ yẹn, ṣé ó ṣì ń dùn ọ́?” Ó ní, “Rárá, bhai. Mo ti dárí jì í tipẹ́. Mo máa ń gbàdúrà fún un.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá dákẹ́, ọmọ yẹn yóò kọ irọ́ mi sínú ìwé, àwọn ọmọ tirẹ̀ yóò sì tún máa bẹ̀rù ẹni tí kò sí. Bí mo bá sọ ọ́, mo gba ẹbí kan ṣoṣo tí Súréèṣì ní ní Houston lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má sọ fún mi pé ó ti dárí jì mí. Òyìnbó yẹn ló dárí jì. Èmi tí mo wà láyé, kò tíì mọ̀ pé òun ní ohunkóhun láti dárí rẹ̀ jì mí.