Ọ̀rọ̀ Halvor Brekke Tí Mo Yí Padà ní Kóòtù

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ̀yin ará Elvin, ẹ dákun, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Mo mọ ohun tó kó wa jọ sínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì yìí lẹ́yìn ìsìn. Ilé ẹjọ́ tuntun tí káúńtì wa, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa, ń kọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ẹ sì ti fẹnu kò pé orúkọ mi, Anders Kvamme, lẹ máa gbẹ́ sókè ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ ní kí n dìde kí n dúpẹ́. Mo dìde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọpẹ́ kọ́ ló wà lẹ́nu mi. Dókítà ti sọ fún mi pé àrùn inú ẹ̀dọ̀fóró mi kò ní jẹ́ kí n rí ìkórè tó ń bọ̀. Ẹni tí ilẹ̀ ń pè kì í tún fọ̀rọ̀ pa mọ́ sábẹ́ ahọ́n. Ohun tí mo ṣe sí Halvor Brekke ni mo fẹ́ sọ, mo sì fẹ́ sọ ọ́ tán. Pásítọ̀ Lunde, ẹ má fà mí láṣọ. Mi ò ṣarán. Orí mi pé, mo sì mọ ohun tí mò ń ṣe.

Ẹ̀yin àgbà inú wa rántí bí nǹkan ṣe rí kí ibí tó di ìpínlẹ̀. Ìlú méjì ló ń du ipò olú-ìlú káúńtì: Elvin tiwa yìí, àti Garrity tó wà lápá ìlà-oòrùn. Ìlú tó bá gba ipò náà ni ilé ẹjọ́ yóò wà, ibẹ̀ náà ni reluwé yóò máa dúró. Èyí tó bá pàdánù, koríko ni yóò hù lójú títì rẹ̀. Nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ará Elvin kì í ra ìyẹ̀fun lọ́wọ́ ará Garrity. Àwọn tiwa wọ́ ẹni tó ń tẹ ìwé ìròyìn wọn nínú ẹrẹ̀, àwọn náà sì wá dáná sun koríko tí a kó jọ fún ẹran. Ọkùnrin kan wà tó kọ̀ láti lọ sìnkú àbúrò rẹ̀ nítorí pé Garrity ni wọ́n fẹ́ sin ín sí. Tẹ́ ẹ bá rò pé àsọdùn ni, ẹ bi Ìyá Gunhild tó jókòó níwájú yẹn. Ẹ wò ó, ó ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀dọ́ lọ́yà ni mí nígbà náà. Ọmọ apẹja ni mí láti Norway. Nígbà tí mo dé ilẹ̀ yìí, mi ò gbọ́ ju "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" lọ nínú èdè wọn. Mo ṣiṣẹ́ ojú irin, mo gbálẹ̀ ọ́fíìsì lọ́yà kan, mo ń ka ìwé òfin rẹ̀ nígbà tó bá lọ jẹun, títí èmi náà fi di lọ́yà. Síbẹ̀, lójú àwọn tó ni Elvin, mi ò tíì di ènìyàn. "Ẹlẹ́ja" ni wọ́n ń pè mí. "Ẹ wo Ẹlẹ́ja, ó ti wọ kóòtù! Ẹlẹ́ja, ṣé o ti wẹ̀ dáadáa ṣá?" Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Inú mi ni ẹ̀rín náà ti ń jó mi bí iná.

Ẹni tó tẹ Elvin dó, tó sì ni ilé ìfowópamọ́ ibẹ̀, ni Ọ̀gbẹ́ni Caleb Stroud. Nígbà tí ọjọ́ ìbò ku díẹ̀, ó ránṣẹ́ pè mí. Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ dárúkọ mi.

"Anders, àwọn ènìyàn rẹ tó ń dáko lápá ìlà-oòrùn yẹn, Garrity ni wọ́n máa dìbò fún, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ibẹ̀ ló sún mọ́ wọn."

"Tí wọn ò bá wá dìbò ńkọ́?"

"Kí ni kò ní jẹ́ kí wọ́n wá, sà?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìwọ lo gbọ́ èdè wọn. Tí Elvin bá wọlé, káúńtì á nílò lọ́yà tirẹ̀. Mi ò sì rò pé ẹnikẹ́ni á máa pe lọ́yà káúńtì ní Ẹlẹ́ja."

Kò fipá mú mi. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ tó sọ. Èmi fúnra mi ni mo jókòó, tí mo ronú irọ́ náà jáde láti inú ìwé òfin tí mo fi òógùn ojú kọ́.

Mo gun ẹṣin, mo ń lọ láti oko dé oko. Ẹ̀yin òbí wa fún mi ní kọfí, ẹ fún mi ní wàrà kíkan àti búrẹ́dì ọ̀dùnkún pẹlẹbẹ tí mo fẹ́ràn láti kékeré. Mo jẹun tán nílé yín, mo nu ẹnu, mo sì sọ fún yín pé àjèjì tí kò tíì parí ètò dídi ọmọ ilẹ̀ yìí, tó bá dìbò, ẹ̀wọ̀n ni, ìjọba á sì gba ilẹ̀ rẹ̀. Irọ́ ni, ẹ̀yin ará. Ẹni tó bá ti ṣe ìbúra àkọ́kọ́ pé òun fẹ́ di ọmọ ilẹ̀ yìí lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò nígbà náà, ọ̀pọ̀ yín ló sì ti ṣe é. Ẹ tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. "Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ wa tó mọ̀wé! À bá ti ko àgbákò." Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Halvor Brekke nìkan ni kò gbà. Ẹ mọ irú ènìyàn tó jẹ́: kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n tó bá dúró síbì kan, màlúù kò lè tì í kúrò. Ó ń pọ́n àáké lọ́wọ́ nígbà tí mo débẹ̀.

"Anders, nígbà tí mo búra, ẹni tó mú mi búra sọ pé mo lè dìbò."

"Òfin ti yí padà, ẹ̀gbọ́n."

"Òfin tó yí padà ní kọ̀rọ̀, tí kò sí ẹni tó gbọ́ àfi ìwọ?" Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Kí wọ́n wá sọ fún mi níbi àpótí ìbò."

Ó lọ dìbò lóòótọ́. Elvin wọlé, ṣùgbọ́n ìbò tó fi borí kò tó nǹkan. Kò pẹ́ tí ìkùnsínú bẹ̀rẹ̀: "Halvor dìbò, kò sí ohun tó ṣe é. Àbí Anders parọ́ fún wa ni?" Àwọn lọ́yà Garrity gbọ́, wọ́n sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù gíga kí wọ́n fagi lé ìbò náà. Ọ̀gbẹ́ni Stroud wá bá mi, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Tí ọkùnrin yẹn bá ń rìn fàlàlà káàkiri, èmi àtìwọ la máa lọ. Ó gbọ́dọ̀ ṣẹ̀wọ̀n, kí kóòtù gíga má bàa gba ẹ̀rí rẹ̀." Ó wá ọkùnrin méjì tí wọ́n búra pé àwọn rí Halvor tó dìbò ní Garrity, tó tún lọ dìbò níbòmíràn lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n sì lọ mú un nínú oko rẹ̀.

Ta ni ìyàwó rẹ̀ sá wá bá? Èmi ni. Ragnhild pọn Nils kékeré, Sunniva di yẹ̀rì rẹ̀ mú. "Anders, wọ́n ti gbé e lọ. Ìwọ la ní nílẹ̀ yìí."

"Ẹ má sunkún, ìyàwó wa," ni mo wí. "Èmi ni màá ṣe lọ́yà rẹ̀."

Ẹ gbọ́ bí mo ṣe sọ ọ́? Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ mi, mo ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ ní kó gbé ọrùn wá.

Mo lọ bá Halvor nínú àtìmọ́lé. Ó bi mí pé, "Kí ni wọ́n fi kàn mí?"

"Pé ẹ dìbò." Mi ò fi "lẹ́ẹ̀mejì" kún un.

"Mo dìbò. Mi ò ní sẹ́ ẹ."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Adájọ́ fẹ́ràn olóòótọ́."

Lọ́jọ́ ẹjọ́, wọ́n ní àyè ti kún, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ènìyàn wa síta, Ragnhild náà wà láàárín wọn. Nínú yàrá yẹn, èmi nìkan ló gbọ́ èdè méjèèjì. Èmi ni lọ́yà, èmi ni ògbufọ̀. Ọkọ̀ ojú irin ni adájọ́ fẹ́ lọ bá, ó ń wo aago rẹ̀ ṣáá. Ó ní, "Bi í bóyá òótọ́ ni pé ó dìbò lẹ́ẹ̀mejì."

Mo yíjú sí Halvor. "Adájọ́ ní ṣé òótọ́ ni pé ẹ dìbò?"

Ó na ẹ̀yìn rẹ̀ gbọọrọ. "Òótọ́ ni. Mo ti búra fún ilẹ̀ yìí, mo sì rò pé ilẹ̀ yìí ti gbà mí. Tí mo bá ṣẹ̀, ẹ fi ibi tí mo ti ṣẹ̀ hàn mí."

Mo yíjú sí adájọ́. "Olúwa mi, ó ní òótọ́ ni, ẹ̀ẹ̀mejì ni. Ó ní kẹ́ ẹ ṣàánú òun."

Adájọ́ lu tábìlì. Ẹ̀wọ̀n ọdún kan pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára. Halvor wò mí. "Kí ló wí?"

"Ọdún kan."

"Nítorí ìbò kan ṣoṣo?"

"Mo gbìyànjú, ẹ̀gbọ́n."

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó tẹ̀ lé e, nítorí ẹ lọ́wọ́ nínú rẹ̀ láìmọ̀. Ẹ pè é ní olè ìbò. Ẹ ò bá ìyàwó rẹ̀ kórè, àlìkámà rẹ̀ jẹrà lórí ìdúró. Ragnhild kó àwọn ọmọ lọ sínú ihò tí àbúrò rẹ̀ gbẹ́ sínú ilẹ̀ fi ṣe ilé, ẹni tí Stroud rán sì gba ilẹ̀ wọn. Ibà pa Nils ní ìgbà òtútù yẹn. Èmi ti di lọ́yà káúńtì. Mo gbọ́ ikú ọmọ náà níbi tí mo ti ń fá irùngbọ̀n, mo sì fá a tán.

Ẹ rò pé èyí ló burú jù? Rárá. Nígbà tí Halvor jáde lẹ́wọ̀n, ó wá sí ọ́fíìsì mi. Ó ti gbẹ, eyín iwájú rẹ̀ ti lọ. Ó gbé odidi wàràkàṣì kan kalẹ̀ sórí tábìlì mi, ó ní, "Anders, mo wá dúpẹ́ ni. Wọ́n sọ fún mi lẹ́wọ̀n pé ká ní mi ò ní lọ́yà ni, ǹ bá ti jìyà jù bẹ́ẹ̀ lọ." Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mo gba wàràkàṣì náà, mo sì jẹ ẹ́. Oko olóko ló ti ń ṣe lébìrà títí ó fi kú, kò sì tún tẹ ṣọ́ọ̀ṣì yìí mọ́. Ẹ̀yin sì ń dìbò fún mi léraléra títí mo fi di adájọ́, ẹ ń sọ pé èmi ni ẹni àkọ́kọ́ nínú wa tó jókòó sórí àga yẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ bá Sunniva ọmọ rẹ̀, ẹ̀yin mọ̀ ọ́n, òun ló gbẹ̀bí ọ̀pọ̀ ọmọ yín. Mo jẹ́wọ́ fún un nínú ilé ìdáná rẹ̀, mo sì fẹ́ kúnlẹ̀. Ó dì mí lápá mú. "Ẹ dìde, Bàbá Kvamme. Níta gbangba lẹ ti ba bàbá mi jẹ́. Ẹ má wá tún un ṣe nídìí ààrò mi." Kò sunkún, kò bú mi. Ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi ni.

Erling ọmọ mi, tó jókòó níbẹ̀ yẹn tó dorí kodò, bẹ̀ mí láàárọ̀ yìí. "Bàbá, àwọn tọ́rọ̀ náà kàn ti kú tán. Stroud ti kú, adájọ́ ti kú. Èmi ni mo máa jẹ́ orúkọ náà o, ìbò tí mo fẹ́ díje nínú rẹ̀ sì ń bọ̀." Mo gbọ́ ọ, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n orúkọ tí mo fi orúkọ ẹlòmíràn bọ́ sanra, mi ò lè fi ṣe ogún fún ọ.

Nítorí náà, ohun tí mo máa ṣe rèé, kò sì sí ẹni tó lè dá mi dúró. Lọ́la, tí kóòtù bá ṣí, màá lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wọ́gi lé ẹjọ́ Halvor Brekke, èmi ni màá sì jẹ́rìí ta ko ara mi. Tí wọ́n bá gba iṣẹ́ lọ́yà lọ́wọ́ mi, kí wọ́n gbà á. Tí wọ́n bá fẹ́ tì mí mọ́lé, mo ti di ẹrù mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ òfin, tí ẹ gbọ́ èdè ilé, tí ẹ tún gbọ́ ti ìta: ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnì kan tí kò gbọ́ ọ̀kan nínú méjèèjì á gbé gbogbo ẹ̀mí rẹ̀ lé ahọ́n yín. Ẹ má tà á, bó ti wù kí àga tí wọ́n fi lọ̀ yín ga tó. Ẹ̀yin ará, ẹ dárí jì mí tẹ́ ẹ bá lè. Sunniva, mo rí ọ lẹ́yìn níbẹ̀. Mi ò ní kó o dá mi lóhùn lónìí, tàbí kí n tó kú pàápàá. Ẹ̀yin ará, ẹ ṣáà máa rántí pé ìbò kan ṣoṣo ni bàbá rẹ̀ dì, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti dì í.