Orí Ẹ̀rọ Kan Ni Mo Ti Dán An Wò, Mo Kọ Mẹ́ta

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi ná kí ẹ tó bú mi. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Prof, ọ̀gá wa, ń fẹ̀yìn tì lópin oṣù yìí. Bí wọ́n bá lọ láì gbọ́ òótọ́, ta ló máa tún orúkọ ọmọlọ́mọ tí mo bà jẹ́ ṣe?

Ibi iṣẹ́ ìwádìí kékeré kan ní Bódìjà ni mo wà. Ètò kọ̀ǹpútà kan là ń lò láti ṣírò omi òjò tó ń wọ odò. Fortran, èdè kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, ni wọ́n fi kọ ọ́. Prof ní kí n yan irinṣẹ́ tí yóò máa fi odindi ọ̀rọ̀ rọ́pò àwọn orúkọ ìgékúrú inú rẹ̀, kí kọ̀ǹpútà tó túmọ̀ ètò náà. Wọ́n ní, “Èyí tó máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ gbogbo wa ni o. Dán an wò lórí mẹ́ta, ó kéré tán.”

Ọ̀kan wà nínú àwọn irinṣẹ́ náà tó máa ń ṣẹ́ ìlà tó bá gùn jù sí méjì fúnra rẹ̀. Mo ní ti àwọn arúgbó nìyẹn. Èyí tó ti wà lórí ẹ̀rọ mi tẹ́lẹ̀ ni mo mú. Ọ̀lẹ ló ṣe mí, ẹ má wulẹ̀ bá mi wá orúkọ míì fún un. Orí ẹ̀rọ tèmi nìkan ni mo ti dán an wò. Mo sì kọ ọ́ sínú ìròyìn pé mẹ́ta ni.

Mùínátù, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti Àpáta wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, lo ètò náà lórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Ẹ̀rọ tèmi máa ń ka ìlà gígùn. Tirẹ̀ kì í ka ohunkóhun tó bá kọjá lẹ́tà méjìléláàádọ́rin lórí ìlà kan. Irinṣẹ́ mi ti fa ìlà kan gùn kọjá bẹ́ẹ̀. Ìyókù ìṣirò náà sọnù, ẹ̀rọ ò sì sọ nǹkan kan.

Níwájú gbogbo wa, Prof wo èsì ìṣirò tó gbé wá, wọ́n bi í pé, “Mùínátù, odò wo ló ń ṣàn gòkè?” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi sorí kodò, torí ara ti ń fu mí. Wọ́n dá iṣẹ́ rẹ̀ padà, wọ́n ní kò mọ ohun tó ń ṣe. Kò wá mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni mo rí ìlà náà. Mo tún un ṣe, mo panu mọ́. Ojú tì mí láti sọ pé mo parọ́. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, ẹnu mi túbọ̀ ń wúwo.

Jímọ̀ tó kọjá, mo pàdé rẹ̀ ní àdúgbò Challenge. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé ọjọ́sí o. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ti gbà báyìí pé orí mi ò gbé ìṣirò.”

Mo ní kò tọ́pẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi, mo mọ̀. Ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bẹ̀, Prof ni, àbí ọmọ tó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi?