Agẹrun Tó Lé Oyin Lọ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹ̀bẹ̀ àbúrò yín lẹ bá wá, ẹ má tíì jókòó! Ẹ kọ́kọ́ bá mi bi í pé kí ni oyin ṣe fún un. Oyin o! Oyin tó ń gbé jẹ́ẹ́jẹ́ nínú ihò ògiri ẹ̀yìnkùlé wa, tí kò bá ẹnikẹ́ni fa nǹkan kan. Àbúrò yín ló gbé ojú ko ihò, ó ní òun fẹ́ wo bí inú rẹ̀ ṣe rí. Ọ̀kan ta á létè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ńkọ́, tí ẹnìkan bá yọjú sí yàrá yín bẹ́ẹ̀?

Ètè wú, àwọn tó ń gẹrun fún ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ni inú bá bí ọkọ mi. Ó tiná bọ àkísà, ó fi èéfín lé oyin lọ ráúráú, ó wá ń yan wọlé bí ẹni tó pa ẹkùn!

Elégédé mi dà báyìí, Ẹ̀gbọ́n? Elégédé tí gbogbo àdúgbò fi mọ̀ mí! Ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, òdòdó kún ibẹ̀, kò so. Ọmọ kékeré tó bá yọ, á pọ́n, á jẹrà, á já bọ́. Mo bomi rin ín, mo da ìgbẹ́ adìyẹ sí i, mo gbàdúrà lé e lórí, pàbó! Àfìgbà tí mo gbọ́ ọ lórí rédíò: àṣé oyin ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó akọ lọ fún abo! Yéè! Mo ní alágbàṣe tí kì í bèèrè oúnjẹ, ọkọ mi lé wọn dànù.

Ta ló wá ń ṣiṣẹ́ oyin? Èmi, abiyamọ! Láàárọ̀ kùtù, mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mò ń fi ìyẹ́ adìyẹ gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó akọ sínú abo. Ẹ̀yìn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dá sí méjì. Àwọn tó ń kọjá ń bi mí pé kí ló sọnù.

Ẹ̀n-ẹ́n? Kí n ṣe sùúrù? Ẹ má gbè sẹ́yìn àbúrò yín o! Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ẹ yọjú lójú fèrèsé yìí, ẹ wò ó láàárín elégédé. Búrọ́ọ̀ṣì tó fi ń gbọn irun kúrò lọ́rùn èèyàn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn. Mo ní títí oyin á fi padà, òun ni oyin ilé yìí.

Ha! Kí ló ń sá fún? Ẹ̀gbọ́n, oyin ni! Oyin ti padà, wọ́n ń tẹ̀lé búrọ́ọ̀ṣì! Bàbá ọmọ mi, má gbá wọn o! Má sá wọlé! Ìdí elégédé, ìdí elégédé ni kó o sá gbà!