Àkáùntì Ńlá tí Mo Fún Màmá Iwájú

Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè yọ mí lẹ́nu. Ogún ọdún ni mo fi tọ́jú ẹ̀rọ ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan, kò sí èyí tí mo jókòó tì tí kò gbọ́ràn. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń pè mí, torí èmi nìkan ni mo mọ ọ̀rọ̀ aṣínà àkáùntì ńlá, èyí tó lè yí ohun gbogbo padà nínú ẹ̀rọ. Àkáùntì kékeré ni tàwọn yòókù: kí wọ́n ṣiṣẹ́ wọn, kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan míì. Bí mo bá ń kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ ó rò pé èmi ni mo bí kọ̀ǹpútà. Ó dáa. Ọ̀la ni wọ́n máa la àyà mi. Dókítà ti ní kí n buwọ́ lu ìwé pé bí n kò bá jí, ẹjọ́ wọn kọ́. Kí wọ́n tó fi abẹ wá a rí, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi tú u síta: irọ́ ni gbogbo ìgbéraga yẹn, irọ́ náà ló sì lé obìnrin kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Màmá Iwájú là ń pè é, torí tábìlì rẹ̀ lẹni tó bá wọlé máa ń kọ́kọ́ bá pàdé. Òun ló ń gba orúkọ àwọn aláìsàn, òun ló ń tẹ èsì wọn jáde. Ó ku ọdún mẹ́fà kó fẹ̀yìntì nígbà tí Ọ̀gá ra ètò kọ̀ǹpútà tuntun tí a ó máa kó èsì sí. Ètò náà kọ̀, kò ṣí lórí àkáùntì kékeré. Bí Màmá bá ti tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà á ní kò láṣẹ. Mo wò ó títí, n kò mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ̀yìn tí mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé fóódà kan ṣoṣo ni ètò náà ń fẹ́ kọ nǹkan sí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ǹ bá fi fún àkáùntì kékeré láṣẹ lórí fóódà yẹn. Ọ̀gá sì ti sọ ọ́ ní ìpàdé pé kí ẹnikẹ́ni má lo àkáùntì ńlá fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Èmi ni mo pàtẹ́wọ́ jù. Ṣé Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ló máa wá lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ta ètò? Mo sọ àkáùntì Màmá di ńlá, n kò sọ fún ẹnì kankan. Ètò ṣí wẹ́rẹ́. Màmá pè mí ní ọlọ́gbọ́n, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ó pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Bàbá Kọ́kọ́rọ́, lẹ́tà kan wọlé sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n ní ti ẹrù wa ni, ṣùgbọ́n n kò mọ ẹni tó fi ránṣẹ́. Ṣé kí n ṣí i?"

Oúnjẹ wà lẹ́nu mi. Mo ní, "Màmá, gbogbo nǹkan ló ń ba ẹ̀yin lẹ́rù. Ẹ ṣí i."

Ó ṣí i. Fáírọ́ọ̀sì tó ń ba kọ̀ǹpútà jẹ́ ni. Ká ní orí àkáùntì kékeré ni, ìwọ̀nba nǹkan tirẹ̀ ni ì bá bàjẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún un. Kí n tó bu omi mu, èsì oṣù mẹ́rin ti di rádaràda lórí gbogbo ẹ̀rọ. Àwọn aláìsàn padà wá kí a tún fa ẹ̀jẹ̀ wọn. Bàbá àgbà kan na apá, ó ní, "Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ tí mo máa fi rìn délé." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Tèmi ló ròkè jù.

Ọ̀gá ní òun fẹ́ ìwé àlàyé kí aago mẹ́rin tó lù. Mo sá tọ ọ̀rẹ́ mi tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ. Ó ní, "Ìyá náà ti dàgbà. Sọ pé ó wo ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ láti ẹ̀yìn. Ta ló máa jiyàn?" Mo dá àkáùntì Màmá padà sí kékeré, mo sì kọ ọ́ pé ó jí ọ̀rọ̀ aṣínà mi, pé kò bi mí léèrè rárá kó tó ṣí lẹ́tà. Nígbà tí wọ́n kà á sí i létí, kò bínú. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ọmọ mi, rántí dáadáa. Mo pè ẹ́. O ń jẹun lọ́wọ́."

Ọmọ mi ló pè mí. Mo wò ó lójú kòró, mo ní, "Mà, ẹ má parọ́ mọ́ mi."

Ó kó ìgò ojú rẹ̀ àti ife tíì rẹ̀ sínú báàgì, ó lọ. Ọdún mẹ́rin rèé. Kò síbi tó wáṣẹ́ dé tí wọn kì í bi í pé, ṣé ẹ̀yin lẹ jí ọ̀rọ̀ aṣínà.

Láàárọ̀ yìí, mo ránṣẹ́ pe òun àti Ọ̀gá wá sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sunkún títí ẹ̀rọ tó ń ka ọkàn mi fi ń ké, tí nọ́ọ̀sì sáré wọlé. Mo ní, "Màmá, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí n gbé e dé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ." Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń tọ́jú ẹ̀rọ, ẹ bèèrè ohun tí ẹ kò bá mọ̀. Ìtìjú ọjọ́ kan ni; ẹ wo iye ọjọ́ tí tèmi ti gbà.

Ọ̀gá ló kọ́kọ́ dìde, omi lójú rẹ̀. Ó kọ lẹ́tà lórí orúnkún rẹ̀ níbẹ̀ pé Màmá kò jẹ̀bi, pé kó padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Màmá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbọ́wọ́ lé mi lórí, ó ní, "Mo dárí jì ẹ́." Ó wá yíjú sí Ọ̀gá. "Kọ̀ǹpútà tí mò ń padà sí yìí, àkáùntì wo ló wà lórí rẹ̀?"

Ọ̀gá dé bírò rẹ̀. "Ńlá ni. Ẹni tó gbaṣẹ́ Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ti sọ ti gbogbo wa pátá di ńlá. Ètò yẹn kì í ṣí lórí kékeré."